Ìbọ̀wọ́ Tí Mi Ò Bọ́ fún Tantí Àdùkẹ́

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kẹrin rèé tí a ti gbé yín lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ nǹkan mìíràn, torí ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Tí mo bá ń kọ nǹkan sára pátákó ní kíláàsì, tí ẹnì kan bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ọwọ́ mi á dúró. Tí alùpùpù kan bá rọra ń bọ̀ níwájú ilé, màá máa fetí sí i títí á fi kọjá. Oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi dáadáa mọ́. Àwọn ọmọ mi rò pé ibà ló ń ṣe mí, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí Ọ̀nà Odò, èyí tó gba ẹ̀yìn ọjà wa sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí a ti máa ń pọnmi nígbà tí mo wà ní kékeré. Igbó ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì nígbà náà. Ẹ kì í rin ọ̀nà yẹn láìmú ọ̀pá dání. Ẹ ó fi lu ilẹ̀, ẹ ó dúró, ẹ ó tẹ́tí, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹ kì í pe ejò lórúkọ, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan. Okùn lẹ máa ń pè é. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi, màá máa fi igi lu ilẹ̀ bíi tiyín, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì tọrọ àforíjì lórí ìyẹn rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ odò. Wọ́n gé àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí kò fi kù kan. Pàǹtí ọjà gba ibẹ̀, ọ̀rá dúdú àti ọ̀rá omi, bàtà tó já, ìyẹ́ adìyẹ. Koríko àjòjì kan tó máa ń yọ òdòdó funfun bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá kan sì rọ̀, àgbàrá gbá apá kan ọ̀nà náà lọ, àwọn ọmọ ilé ìwé mi wá ń gba inú ẹrẹ̀ dé orókún kí wọ́n tó dé kíláàsì. Èyí tó kéré jù nínú wọn ṣubú lọ́jọ́ kan, ìwé rẹ̀ bá omi lọ. Inú bí mi. Èmi tí ẹ mọ̀ pé mi ò lè gbé ohùn sókè láàárín ènìyàn, mo dìde lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, mo ní ẹni tó bá lè wá kí ó wá lọ́jọ́ Sátidé, kí a jọ tún ọ̀nà yẹn ṣe.

Wọ́n wá, Màmá. Onígbàgbọ́ wá, Mùsùlùmí wá. Lásísì wá, ọlọ́kadà tó máa ń gbé yín lọ sí Igolo, ó sì mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì dání. Àwa mẹ́rìnlá ni a dúró títí. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé fún ọdún méjì, a kó pàǹtí, a fa koríko àjòjì yẹn tu láti gbòǹgbò, a sì dá àwọn igi tó ti wà níbẹ̀ rí padà: òrúwọ̀, àkókò, ìyeyè, àgbálùmọ̀. Olórí àdúgbò wa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dẹlẹgé, fún wa ní ìyọ̀ǹda. Àwọn ènìyàn ní kí ni àǹfààní rẹ̀, pé igbó ni a ń gbìn sáàárín ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọdún tó kọjá rọ̀, ilẹ̀ dúró. Àwọn ọmọ gba ibẹ̀ lọ sí ilé ìwé ní ẹsẹ̀ gbígbẹ. Lékeléke padà wá. Ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké létí odò. Inú wa dùn gan-an pé ọ̀pọ̀lọ́ padà. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rò ó pé ohun tó ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́ náà á padà.

Ohun tó ṣẹ́kù ni etí omi gan-an. Ewé gbòdògì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀yin àti Tantí Àdùkẹ́, ọ̀rẹ́ yín tí mo fi ṣe àǹtí, máa ń já láti fi pọ́n ẹ̀kọ. Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín nínú wa. Mo lọ bá Tantí. Ó ní òun ti dàgbà jù fún eré bẹ́ẹ̀, orókún òun kò gbà. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní rárá. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi orúkọ yín bẹ̀ ẹ́. Mo ní tí Màmá bá wà láyé, á tẹ̀ lé mi lọ.

Ṣé òótọ́ ni, Màmá? Ṣé ẹ ì bá tẹ̀ lé mi? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè débẹ̀ láìlu ilẹ̀?

Ó gbà. Ó tilẹ̀ rán ẹnì kan lọ sí oko ẹbí rẹ̀ ní Lagbé láti wú gbòǹgbò gbòdògì wá, ó fi àpò tútù dì wọ́n. Ní Sátidé tí a fẹ́ gbìn ín, ó ti débẹ̀ kí èmi tó dé. Ìró yín àtijọ́ tí ẹ fún un ló ró, èyí aláwọ̀ ewé yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìbọ̀wọ́ mẹ́fà péré ni a ní, àwọn aláwọ líle tí ẹ̀gún kì í gún. Àdéhùn wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú igbó ni yóò wọ̀ ọ́. Márùn-ún wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fa koríko lápá òkè. Ìkẹfà wà lọ́wọ́ èmi. Mi ò sì ṣe nǹkan kan tó gba ìbọ̀wọ́. Apẹ̀rẹ̀ ni mo gbé dání.

Tantí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí n wá wò ó, pé a óò fi ọwọ́ wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ lábẹ́ àwọn ewé tó ti kú, ibẹ̀ ni gbòǹgbò máa ń fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mo rí i pé ó ṣófo. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ náà láti fún un. Lẹ́yìn náà, mo wo abẹ́ ewé yẹn, ó ṣókùnkùn, ó tutù, gbogbo ìbẹ̀rù tí ẹ fi ń lu ilẹ̀ dìde nínú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fa ìbọ̀wọ́ náà wọ̀ padà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo rò pé kò sí ẹni tó rí mi.

Tantí ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ abẹ́ ewé. Kò kígbe. Ó kàn ní, “Háà,” bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Ó fa ọwọ́ jáde, ó ń wò ó. Nígbà náà ni mo rí i tó ń wọ́ lọ, ó sanra, ó kúrú, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ. Paramọ́lẹ̀ ni, Màmá. Mo ti pè é lórúkọ.

Lásísì ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò, a sì sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú irinṣẹ́ lọ́wọ́. Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn Tantí lórí ọ̀kadà, ó gbá a mú. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wo ọwọ́ náà, tó ti ń wú bọ̀ sí ọrùn ọwọ́, ó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò kò sí lọ́dọ̀ àwọn, àfi ilé ìwòsàn ńlá Àjàṣẹ́. Wọ́n wá ọkọ̀. Gbogbo ènìyàn ń wò mí pé èmi ni màá tẹ̀ lé e. Mo ní mo ní láti kó àwọn irinṣẹ́ wọlé. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Irinṣẹ́. Ọkọ̀ náà lọ, mo sì dúró létí ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́ mẹ́ta àti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo dúró sí. Mò ń gbọ́ èémí yín, bó ṣe ń fà, bó ṣe ń dúró. Ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti gbé mi wọlé. Mo sọ fún àwọn ènìyàn lẹ́yìn náà pé mò ń gbé omi ka iná. Tantí Àdùkẹ́ ló jókòó tì yín. Òun ló di ọwọ́ yín mú títí ó fi tutù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ náà ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi kọ́ ni? Àbí ẹ rò pé èmi ni?

Ọjọ́ Ajé, Rọjé wá sí ilé ìwé. Rọjé ọmọ Tantí, tó ń ṣẹ́ owó ní ẹnubodè Igolo. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo pọ̀n ọ́n títí ó fi mọ ìrìn. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ojú rẹ̀ pọ́n.

Ó ní, “Màdáàmù.”

Mo mọ̀ nígbà náà pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ó ní, “Ìyá mi ò tíì lajú. Bọ̀n, ẹ gbọ́. Tó bá kú, màá dáná sun igbó yín yẹn. Lẹ́yìn náà, màá wá bá yín nílé.”

Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó yí padà, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó rọra lọ. Mo gbé ìwé ìṣirò, mo kà á sókè fún àwọn ọmọ, mi ò mọ ohun tí mo kà.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lọ sí Ọ̀nà Odò mọ́. Ọ̀rọ̀ ti gba ìlú. Wọ́n ní Màdáàmù àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́ ilé fún ejò. Obìnrin kan rí mi lọ́nà ọjà, ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá àwọn igi kéékèèké tí a gbìn sí ẹnu Ọ̀nà Odò, wọ́n ti fà wọ́n tu, wọ́n tò wọ́n sí iwájú ilé mi ní ìlà kan, gbòǹgbò wọn sókè. Mo kó wọn kí àwọn ọmọ tó jí. Iyẹ̀pẹ̀ tó wà lára gbòǹgbò wọn dà sí mi láṣọ. Àgbálùmọ̀ méjì wà nínú wọn. Mo bomi rin wọ́n nínú garawa lẹ́yìn ilé, mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Mò ń gbàdúrà pé kí Tantí má kú. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún yín: mi ò mọ̀ bóyá nítorí tirẹ̀ ni tàbí nítorí tèmi.

Ọjọ́bọ̀ ni Lásísì ti Àjàṣẹ́ dé. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀ tó fi sọ ọ́ fún mi. “Ó ti lajú. Ó mu ògì. Ṣùgbọ́n wọ́n gé ìka rẹ̀ méjì.” Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà. Mo sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù mìíràn dé, torí ẹni tó bá lajú á sọ̀rọ̀.

Dẹlẹgé pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Sátidé. Ènìyàn kún ibẹ̀ dé ojú títì. Rọjé jókòó níwájú, ó ká apá pọ̀. Bàbá àgbà kan ló kọ́kọ́ dìde, ó ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọmọ òun ń gba ibẹ̀, kí a dáná sun igbó náà kí ó tó di ti ọmọ. Àwọn ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Lásísì gbìyànjú láti sọ pé ilẹ̀ á tún wó tí a bá sun ún, wọ́n pariwo lé e lórí. Dẹlẹgé gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Dakọ́ọ̀, ó ti tó. Màdáàmù, ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ fún wa lésì.”

Mo ti kọ ohun tí màá sọ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ òjò ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ẹyẹ. Nígbà tí mo dìde, mo wo ìwé náà, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo di òpó mú.

Mo ní, “Igbó kọ́ ló ṣe Tantí báyìí. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi. Apẹ̀rẹ̀ ni mo gbé, òun ló ń ki ọwọ́ bọlẹ̀. Mo bọ́ ọ láti fún un, ẹ̀rù bà mí, mo tún un wọ̀. Tí mo bá fún un ni, ìka rẹ̀ ì bá pé lónìí.”

Ẹnì kan wúkọ́. Rọjé dìde. Mo rí i tó ń bọ̀, mo di ojú. Mò ń retí ọwọ́ rẹ̀ lójú mi, mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ó lè tán. Ohun tí mo gbọ́ ni bàtà rẹ̀ tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó lọ. Nígbà tí mo lajú, àga rẹ̀ ti ṣófo.

Wọn kò sun ún, Màmá. Wọ́n jiyàn pẹ́. Níkẹyìn, Dẹlẹgé ní kí a gé koríko ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò kí ọ̀nà fẹ̀, kí ẹni tó ń rìn lè rí ilẹ̀ tó níwájú àti lẹ́yìn. Àwọn igi á dúró. Kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ ibi tí kò rí. Wọ́n sì ní kí èmi fi ipò olórí sílẹ̀. Lásísì ló wà níbẹ̀ báyìí. Kò bínú sí mi, ṣùgbọ́n kò mọ bó ṣe máa wò mí mọ́.

Tantí padà sílé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí mò ń padà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó rí mi láti inú ilé.

Ó ní, “Wọlé. Ilẹ̀kùn kì í jẹni.”

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó fi aṣọ funfun di ọwọ́ náà, ó gbé e sí itan. Ó ti rù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n ó mi orí.

“Mo rí ọ. Mo rí i nígbà tí o bọ́ ọ, mo sì rí i nígbà tí o tún wọ̀ ọ́.”

Mo ní, “Tantí, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀? Kí ló dé tí ẹ fi ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé náà?”

Ó ní, “Mo rò pé wàá tún un bọ́.”

Màmá, tó bá jẹ́ pé ó ṣépè fún mi ni, màá ti mọ ibi tí màá gbé e sí. Èyí, mi ò mọ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Rọjé wọlé nígbà tí a wà níbẹ̀, ó gbé garawa omi dání. Ó rí mi. Ó gbé omi náà sílẹ̀, ó ní, “Màdáàmù, ẹ káàsán,” ó sì jáde. Títí di òní, bó ṣe ń pè mí nìyẹn. Mo ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ti kúrò nínú rẹ̀ tàbí ó ń dúró.

Nígbà tó lọ, Tantí fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Irun rẹ̀ ti pọ̀, ó ti lọ́ mọ́ ara wọn, torí kò lè dì í fúnra rẹ̀ mọ́, ó sì sọ fún mi pé òun ò fẹ́ kí aládùúgbò kankan rí òun báyìí. Ó wá òòyà rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún láti nà án sí mi, ó rántí, ó gbé e padà sí itan. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ òsì mú un. Ó dúró. Ẹni tí kò fi ọwọ́ òsì fún ọmọdé ní nǹkan rí láyé rẹ̀, tó máa ń gbá wa lọ́wọ́ tí a bá ṣe é. Ojú ń tì í, Màmá. Ó ń wò mí bóyá màá gbà á.

Mo na ọwọ́ mi méjèèjì, mo gbà á. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Tantí.” Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo tú irun náà díẹ̀díẹ̀ kí ó má bàa dùn ún. Nígbà tí mo dì í tán, ó ní ọjọ́ mẹ́rin sí i ni kí n padà wá.

Ọ̀la ló pé ọjọ́ mẹ́rin. Màá lọ.

Ọmọ yín tí ẹ fi ọyàn tọ́, tí ojo ò tíì kúrò lára rẹ̀, tí kò sì lè gbàgbé yín.